Bíléèdì fún Àtẹ̀gùn Horace

Yìnyín àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá ló gbé Horace Staniforth ṣubú. Àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ló wà láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ojú títì, òkúta ni gbogbo wọn, ẹsẹ̀ àwọn tó ti kú sì ti jẹ àárín wọn wọnú. Ní Walkley níbí, ní ìlú Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ara òkè ni gbogbo wa ń gbé. Ẹni tí kò bá lè gun àtẹ̀gùn, kò lè wọlé ara rẹ̀. Horace jáde láti gbé ìgò mílíìkì tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún un, ìṣísẹ̀ kejì ló gbé tó fi bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Egungun ìbàdí ọ̀tún rẹ̀ kán.

Èmi ni mo gbọ́ igbe, èmi náà ni mo pe ọkọ̀ ọsibítù, nítorí ilé mi ló kọjú sí tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé e wọ ọkọ̀, tí ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, ó nawọ́ sí mi.

"Hilda, ìgò yẹn ò fọ́ o. Bá mi gbé mílíìkì wọlé kó tó bàjẹ́."

Irú ènìyàn tí Horace jẹ́ nìyẹn. Kò sí ibi tí ẹnu rẹ̀ kì í dé, yálà ó ń jẹ̀rora tàbí kò jẹ̀rora. Ẹnu yẹn kan náà ló sì ba àárín òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀rẹ́ náà ni Cyril Ibbotson. Ògiri kan ṣoṣo ló la ilé àwọn méjèèjì. Wọ́n jọ dàgbà ni, wọ́n jọ lọ sí ilé ìwé, wọ́n sì jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ irin nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí gbogbo ọmọkùnrin Sheffield ìgbà náà. Cyril lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ó sì lo ọdún méjìdínlógójì nídìí iná. Horace lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ayùn nísàlẹ̀ àfonífojì, ó lo ọdún mọ́kànlélógójì níbẹ̀. Ó mọ eyín ayùn bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń mọ eyín ọmọ ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Cyril fẹ̀yìn tì, ó ra ẹ̀rọ ayùn kan tí wọ́n ti lò rí, ó gbé e sínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Kì í ṣe ayùn tí à ń fọwọ́ fà o. Iná ló ń lò. Bíléèdì rẹ̀ rí bí bẹ́líìtì tí wọ́n jó orí rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdí, ó ń yí po lórí wíìlì méjì, eyín wẹ́wẹ́ wà ní etí rẹ̀ kan, bó sì ṣe ń kọjá lọ ló ń gé irin tí wọ́n bá dè sábẹ́ rẹ̀. Inú Cyril dùn sí i bí ẹni tó ra ẹṣin. Ó pe Horace kó wá wò ó. Ọjọ́ náà ni àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ wá kí i láti Barnsley, gbogbo wọn sì dúró yí ẹ̀rọ náà ká.

Horace káwọ́ sẹ́yìn, ó rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìka kan ti wíìlì, ó ní, "Cyril, búrẹ́dì nìkan ni èyí lè gé. Má sì jẹ́ kó jẹ́ búrẹ́dì àná."

Àwọn àna Cyril rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Cyril kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́ta gbáko, kò bá Horace sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ń gbọ́ ikọ́ ara wọn láti inú ògiri, síbẹ̀ wọn kì í kí ara wọn. Beryl ìyàwó Cyril nìkan ló ń gbé oúnjẹ ọjọ́ ìsinmi kọjá sí Horace lórí ọgbà, nítorí ìyàwó Horace ti kú, Horace sì ní ọwọ́ òun kò mọ bí a ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan.

Lọ́jọ́ kejì tí Horace ṣubú, mo ń fọ abọ́ nígbà tí mo wo ìta. Cyril ni mo rí. Ó kúnlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn Horace, téèpù lọ́wọ́ rẹ̀, bírò lẹ́nu rẹ̀, ó ń wọn òkúta kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe gbójú sókè tó rí mi, ó fò dìde, ó kó téèpù sápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ológbò. Wọn kò sin ológbò rí.

Mo kọjá sọ́dọ̀ Beryl lọ́sàn-án. "Kí ni ọkọ rẹ ń wá lórí àtẹ̀gùn Horace?"

Beryl rẹ́rìn-ín sínú. Aránṣọ ni, ó ti rán aṣọ ìyàwó fún ìdajì obìnrin òkè yìí, kì í sì í bínú kíákíá. "Ó ní ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó fi irin ìdìmú síbẹ̀. Ó ní òun kàn ń wọ̀n ọ́n kí òun lè kọ lẹ́tà sí wọn ni."

"Lẹ́tà?"

"Lẹ́tà ni o." Ó fà mí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Páìpù irin gígùn mẹ́ta ló fara ti ògiri níbẹ̀, pẹ̀lú irin onígun mẹ́rin tí inú rẹ̀ dí, tó nípọn tó íǹṣì kan. "Kí o wá bá mi ka lẹ́tà náà. Ìkọ̀wé rẹ̀ tóbi díẹ̀."

Ìyẹn ni bí a ṣe mọ̀ pé Cyril fẹ́ ṣe irin ìdìmú fún Horace kó tó ti ọsibítù dé. A ò sọ fún un pé a mọ̀. Àwọn dókítà ní Horace yóò lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bíléèdì tó wà lórí ẹ̀rọ náà látijọ́, eyín mẹ́fà péré ló ní nínú íǹṣì kan, eyín ńláńlá tó jìnnà síra wọn. Cyril de páìpù mọ́lẹ̀, ó tan ẹ̀rọ, ó jẹ́ kí ayùn sọ̀ kalẹ̀. Ariwo kan ta bí ìgbà tí ọmọdé bá fi ọ̀pá fa ara ọgbà onírin. Nígbà tó pa iná, eyín ti kán dànù káàkiri ilẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì, ara páìpù náà kàn họ ní ibi mélòó kan ni.

Beryl ló gbé tíì wọlé bá a. Ó wọ jígí ìránṣọ rẹ̀, ó gbé bíléèdì náà sójú iná.

"Cyril, eyín mélòó ló kù sí ẹ lẹ́nu?"

"Èwo ni tìyẹn nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Dáhùn ná."

"Mẹ́tàdínlógún."

"Ó dára. O ṣì san jù ú lọ."

Cyril gbé tíì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Bí inú bá ń bí Cyril, ṣe ló máa ń súfèé, ohùn rẹ̀ á sì máa lọ sókè.

Ó lọ sí ìlú, ó wọ ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ bi í léèrè jẹ́jẹ́ pé báwo ni bíléèdì náà ṣe gùn tó, eyín mélòó ló fẹ́ nínú íǹṣì, kí ló sì fẹ́ gé. Cyril ní, "Mo ti ń yọ́ irin kí bàbá rẹ tó gbọ́n. Fún mi ní èyí tó bá le jù." Ọmọ náà ṣe ohun tó sọ. Ó fún un ní èyí tó nípọn jù nínú ilé ìtajà náà. Àmọ́ wíìlì ẹ̀rọ Cyril kéré, kò tóbi ju àwo oúnjẹ lọ. Irin tó bá nípọn, tó sì ń tẹ̀ tó tún ń nà gbọọrọ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní láti sán. Bíléèdì náà sán, ó já wẹ́rẹ́ kó tó gé páìpù kan dópin.

Ẹ̀kẹta, ó yàn án nínú ìwé ìpolówó ọjà kan, ó ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Níbẹ̀, dandan ni kó kọ gígùn sílẹ̀. Cyril fi téèpù ìránṣọ Beryl yí wíìlì méjèèjì po, ó fojú díwọ̀n ìyókù. Nígbà tí bíléèdì náà dé, ó fi ìbú ọwọ́ kan gùn jù. Ó rọ̀ sílẹ̀ lórí wíìlì bí ṣòkòtò tí kò ní ìgbànú.

Beryl dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì. "Ṣé kí n bá ẹ fà á mọ́ra? Mo lè rán an kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì."

"Beryl."

"Rárá, mò ń béèrè ni. Tí oníbàárà bá wá sọ́dọ̀ mi, mo máa ń wọ̀n ọ́n kí n tó gé aṣọ. Aṣọ sílíìkì ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀, aṣọ kóòtù ní tirẹ̀. Bí mo bá fi abẹ́rẹ́ kóòtù gún sílíìkì, ó ya nìyẹn. Òfin wo ni ẹ̀yin ń tẹ̀lé nídìí tiyín?"

"Irin kì í ṣe aṣọ."

"Mo rí i. Aṣọ ì bá ti tán láti ọjọ́ Ajé."

Beryl wá rọ ohùn rẹ̀. "Ẹnì kan wà tó mọ̀ ọ́n, Cyril."

"Ta ni?"

"O mọ ẹni náà."

"N ò mọ ẹnì kankan," ni Cyril wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Ìdí nìyẹn tí Beryl fi kan ilẹ̀kùn mi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú agolo bisikí lápá. "Hilda, gbé mọ́tò jáde. À ń lọ kí aláìsàn."

Horace jókòó gbaragada lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bá nọ́ọ̀sì sọ pé tíì ọsibítù náà kò mọ̀ bóyá òun jẹ́ tíì tàbí omi ìfọṣọ. Bó ṣe rí agolo, ojú rẹ̀ tàn. Ó ṣí i. Bíléèdì mẹ́ta náà ló bá nínú rẹ̀, tí wọ́n ká bí ejò.

"Beryl, kí ni mo fi ṣe yín?"

"Wò wọ́n ná."

Ó wò wọ́n. Ṣe lẹ ó máa rò pé dókítà ni òun fúnra rẹ̀. Ó gbé èyí tí eyín rẹ̀ ti kán sójú fèrèsé, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò, ó pòṣé.

"Ta ló hu irú ìwà yìí?"

"Ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa," ni Beryl dáhùn.

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo? Ìwọ tí o gbẹ̀yìn dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí Hilda ṣe ìgbéyàwó?"

Mo wo ilẹ̀. Beryl kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Ó ń gé páìpù," ni ó wí.

"Mo ti mọ̀ pé páìpù ló ń gé. Ẹ gbọ́, bí eyín bá tóbi, tó jìnnà síra wọn, tí ẹ wá gbé e lé etí páìpù fẹ́lẹ́, etí páìpù náà á jìn sí àárín eyín méjì, bí ẹsẹ̀ ṣe ń jìn sí àárín pákó afárá. Ẹ̀rọ ń fà á, páìpù ò jẹ́ kó lọ. Kí ló máa ṣẹlẹ̀? Eyín á kán ni. Ó kéré tán, eyín mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà nínú irin lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́ta. Òfin náà kò ju ìyẹn lọ. Báwo ni ara páìpù náà ṣe nípọn tó?"

Beryl yọ ìwé kan lápò. Mo rí i pé ìkọ̀wé Cyril ni. Horace náà á ti rí i. "Mílímítà mẹ́ta."

"Eyín mẹ́rìnlélógún nínú íǹṣì kan. Kó má gba èyí tó dín. Kí ló tún fẹ́ gé?"

"Irin onígun mẹ́rin, íǹṣì kan, inú rẹ̀ dí."

"Háà, kó má fi mẹ́rìnlélógún gé ìyẹn o. Àyè àárín eyín wẹ́wẹ́ kéré jù. Èérún irin á kún un, kò ní lè bù jẹ mọ́, á kàn máa fara ra á títí á fi gbóná. Fún ìyẹn, kó ra èyí tí eyín rẹ̀ kò dọ́gba, tó bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́wàá dé mẹ́rìnlá. Àìdọ́gba yẹn ni kì í jẹ́ kó máa gbọ̀n."

"Bíléèdì méjì nìyẹn."

"Ṣé bàtà oko lo máa ń wọ̀ sùn ni?"

Beryl ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Horace ní kó ra irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin tó ń tẹ̀, tí wọ́n wá jó irin líle mọ́ ọn létí láti fi ṣe eyín. Owó rẹ̀ wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n á pẹ́. Ó ní kó má nípọn, nítorí wíìlì kékeré. Fún gígùn, kí wọ́n mú èyí tó já, kí wọ́n tẹ́ ẹ gbọọrọ sílẹ̀ ilé ìdáná, kí ẹnì kan fẹsẹ̀ tẹ orí rẹ̀ kan, kí ẹnì kejì wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí a dìde, ó ní, "Ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ṣé olórí kunkun ni?"

"Púpọ̀."

"Ṣé ó máa ń súfèé tí inú bá ń bí i?"

Ikọ́ gbé Beryl.

"Tó bá ti ń súfèé, ẹ bá mi sọ fún un kó pa ẹ̀rọ, kó lọ jókòó. Inú bíbí kì í gé irin."

Nílé, Beryl jókòó sí iwájú Cyril, ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì. "Mo pàdé ọkùnrin kan ní ọsibítù tó mọ̀ nípa bíléèdì."

"Ọkùnrin wo?"

"Ẹnì kan tí ìbàdí rẹ̀ kán."

"Ìbàdí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kán," ni Cyril wí. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta, ètè rẹ̀ ń mì. "Eyín mẹ́ta," ni ó wí fún ara rẹ̀. "Ó yẹ kí n ti mọ̀." Lẹ́yìn náà, láìgbójú sókè, ó ní, "Tí o bá tún rí ọkùnrin náà, bi í bóyá kí ẹ̀rọ yára tàbí kó falẹ̀."

Bí Beryl àti èmi ṣe di oníṣẹ́ láàárín àgbà méjì nìyẹn. Lọ́jọ́ méjì méjì, a ó kó ìbéèrè lọ, a ó kó èsì bọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ ìyára, Horace ní, "Kó falẹ̀. Bí ẹni tó kàn láti ra ọtí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń falẹ̀, kó falẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an." Beryl jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an. Cyril bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí ara rẹ̀, ó sì yí ẹ̀rín náà padà sí ikọ́ kíákíá. Òun náà fèsì: "Sọ fún ọkùnrin ọsibítù yẹn pé àwọn tó ń falẹ̀ ra ọtí, àwọn ló máa ń gbé àwọn tó yára mu ún relé." Horace ní ká tún un sọ fún òun lẹ́ẹ̀mejì.

Lórí bíléèdì tuntun, Horace ní kí ó má fi ipá tẹ̀ ẹ́ ní ìgé àkọ́kọ́. Kó jẹ́ kí eyín náà fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà. Kó máa wo èérún tó ń jábọ́: bó bá ká bí irun ọmọ tuntun, iṣẹ́ ń lọ dáadáa, bó bá kúnná bí ata gígún, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ jù, bó bá sì dá àwọ̀ ẹ̀lú, ó ti ń pa bíléèdì nìyẹn. Cyril kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri ṣẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ẹfun, àmọ́ kò kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ síbẹ̀.

Bíléèdì méjèèjì dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ní kí n wá bá wọn gbé ìdí páìpù dání. Cyril fi ẹlẹ́yín mẹ́rìnlélógún sórí wíìlì, ó wo eyín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó lè dájú pé iwájú ni wọ́n kọjú sí, ó fún un le, ó tan iná. Ẹ̀rọ náà kàn ń kùn lọ ni, kò pariwo. Èérún irin ń jábọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo rò pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá nígbà tí páìpù náà já sí méjì, tí ìdajì rẹ̀ sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Cyril pa iná. Ó fi ìka tọ́ etí ibi tó gé, ó yí i ká bí òrùka. Ó nà án sí Beryl kí òun náà tọ́ ọ wò.

"Ó jọ̀lọ̀ bí sílíìkì," ni Beryl wí.

Láàárín ọjọ́ mẹ́rin ó ti gé ohun gbogbo, ó ti jó wọn pọ̀, ó ku kó lu ihò sára òkúta kó sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a lọ kí Horace, wọ́n sì sọ fún wa pé ọjọ́ Ẹtì ló ń bọ̀ wálé. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé fèrèsé. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó pe Beryl padà.

"Bá mi jíṣẹ́ kan fún ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì yín. Sọ fún un pé ẹni tó máa di irin yẹn mú, ìbàdí ọ̀tún rẹ̀ ló kán. Ọwọ́ òsì ló lè fi gbára lé nǹkan. Bó bá ń gòkè, irin ní láti wà lósì rẹ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, apá kejì náà lòsì rẹ̀. Nítorí náà, irin kan ò tó. Méjì ni."

Beryl jókòó padà. Èmi náà jókòó.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ agolo bisikí. Ta ló tún wà ní gbogbo Walkley tó lè fi bíléèdì mẹ́ta ṣòfò kó tó béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo? Hilda pàápàá, ojú rẹ̀ ò lè purọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó yíjú sí fèrèsé. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ẹ̀rọ rẹ̀ níjọ́ yẹn, Beryl. Níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹ̀rọ náà ò burú. Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu ni mo ṣe sọ ọ́. Mo rí ojú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde, mo sì mọ̀ pé kò lè padà mọ́. Mo ní màá bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kejì di ọdún kan. Tó bá ti di ọdún kan, ìtìjú á ti dàgbà ju ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ."

Beryl fọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀. "Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tí màá bá ẹ jẹ́. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o sọ ọ́."

Iṣẹ́ ti irin méjì nìkan ló jẹ́. Cyril ń jẹ ẹja àti ànàmọ́ díndín lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́. Fọ́ọ̀kì dúró lágbedeméjì.

"Méjì?"

"Méjì."

"Ọba ni? Ta ló sọ fún un pé..." Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e. Etí rẹ̀ pọ́n. "Ó mọ̀?"

"Láti ọjọ́ kìn-ín-ní."

Cyril gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó sọ̀rọ̀. "Ó mọ̀, ó sì sọ nípa eyín mẹ́ta fún mi." Ó dìde. "Páìpù tó kù ò ní tó. Kí Hilda jọ̀ọ́ gbé mọ́tò jáde láàárọ̀."

Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, ìró ẹ̀rọ náà kò sinmi. Cyril lu ihò sára òkúta, ó ri òpó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì, ó jó irin kejì. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì gan-an ni ọ̀dà dúdú tó gbẹ̀yìn tó kàn wọ́n lára.

Ọkọ̀ ọsibítù dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Gbogbo ilé tó wà ní títì náà ló jáde, àfi Cyril. Ó ní òun ní nǹkan tí òun ń wá lókè ilé. Horace sọ̀ kalẹ̀, nọ́ọ̀sì dì í mú. Ó dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án náà, ó gbójú sókè. Irin méjì ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, gbọọrọ, láìwọ́. Ẹnu Horace, tí kì í sinmi, sinmi.

"Ọ̀gbẹ́ni Staniforth, ẹ rọra o," ni nọ́ọ̀sì wí.

Ó nawọ́ òsì, ó di irin mú. Ó gun ọ̀kan. Ó gun èkejì. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ti apá kejì mú pẹ̀lú, ó ní kí nọ́ọ̀sì fi òun sílẹ̀. Ó ń gùn, ó ń sinmi, ó ń gùn, títí ó fi dé òkè. Níbẹ̀ ló ti yíjú sí fèrèsé ilé kejì.

"Cyril Ibbotson! Mo rí ẹ lẹ́yìn kọ́tìnnì. Kí lo fẹ́ sọ?"

Kọ́tìnnì mì. Fèrèsé ṣí. Orí Cyril yọ jáde, ojú rẹ̀ pọ́n bí ìgbà tó ṣì wà nídìí iná.

"Ọ̀dà yẹn ò tíì gbẹ!"

Horace wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n dúdú kirikiri. Ó gbé wọn sókè kí gbogbo títì rí wọn.

"Ọdún mẹ́ta tí o ò fi bá mi sọ̀rọ̀, ohun tí o fi bẹ̀rẹ̀ nìyí?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì náà gbára lé ọkọ̀. Cyril kó àkísà àti ìgò kẹrosíìnì, ó ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jáde, ó gba orí ọgbà kékeré tó wà láàárín ilé méjèèjì kọjá bí ọmọdé. Ó mú ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Cyril," ni Horace wí, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, "ọ̀rọ̀ tí mo sọ níjọ́sí..."

"Mú ọwọ́ kejì wá," ni Cyril wí.

Horace mú un wá. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ lórí òkúta kẹsàn-án, ọ̀kan ń nu ọwọ́, èkejì ń wo orí ẹni tó ń nù ún, títí Beryl fi jáde láti sọ pé tíì ti wà lórí tábìlì, àti pé tíì gidi ni.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Ìyá Ogden tó ń gbé lókè títì wá kan ilẹ̀kùn Cyril. Àtẹ̀gùn tirẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlá, ó sì ní òun kò ní dúró kí òun náà ṣubú kí wọ́n tó dá òun lóhùn. Láti ìgbà náà, Horace máa ń fi ọ̀pá rìn lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́, ó ń jókòó lórí àga tí Cyril ṣe ìrọ̀rí sí fún un, ó ń sọ fún un bó ṣe yẹ kó ṣe é. Cyril ń sọ fún un pé kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Beryl ní láti ọdún tí òun ti wà nílé ọkọ, òun kò gbọ́ ariwo tó báyìí rí, ó wá bi mí bóyá mo ní yàrá kan tó ṣófo tí òun lè gbé ẹ̀rọ ìránṣọ òun sí.